Ẹ Fi Àpèkọ Kún Ìdánwò Ọlọ́pàá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Police Service Commission

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Police Service Commission, Àbújá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú làálàá.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ Yorùbá kò lè ṣàì sí lọ́fíìsì yín. Ẹ fún ọ̀kan nínú wọn kó tú u fún yín. Tó bá ń tú u lọ, ẹ bi ara yín pé: bó bá fo gbólóhùn kan, tàbí tó fi tirẹ̀ kún un, báwo la ṣe máa mọ̀? Ipò tí ẹ wà yẹn gan-an ni afurasí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà ní tẹ́ṣàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò ní ti ẹ̀yin mọ́lé tí òṣìṣẹ́ yín bá ṣì yín gbọ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe ní kọ́ọ̀tù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Adájọ́ á sọ̀rọ̀, màá sọ ọ́ ní Yorùbá fún olùjẹ́jọ́; olùjẹ́jọ́ á fèsì, màá dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí i pé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti bàjẹ́ kó tó dé kọ́ọ̀tù rárá. Orí kántà ọlọ́pàá ló ti máa ń bàjẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n gba sítétímẹ́ǹtì, lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un dáadáa, tàbí tó gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ó ní kí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá gba 20,000 ènìyàn sí i, kí àpapọ̀ àwọn tuntun lè di 50,000. Iṣẹ́ yín ni gbígbà wọn, a ò sì gbàgbé bí ẹ ṣe jà kó tó di tiyín. Ní 2019, nígbà tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá fẹ́ dá gba 10,000 kọ́ńsítébù láìsí ọwọ́ yín níbẹ̀, ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ pàdánù ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, ẹ borí ní kótẹ́milọ́rùn ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2023 pé ẹ̀yin ni òfin fún láṣẹ láti gba kọ́ńsítébù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ti wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ ń fi àṣẹ náà béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kò sí ilé tó ní ọmọ tó ń wáṣẹ́ tí wọn ò mọ ohun tí ẹ ń béèrè lórí. Ọmọ kò gbọdọ̀ kéré sí ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ ju 25 lọ. Kó ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. Kí ọkùnrin ga tó mítà 1.67, kí obìnrin ga tó 1.64. Kí àyà ọkùnrin fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 86 tó bá mí sínú. Kó ní NIN. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, á sáré, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, àwọn dókítà náà á sì yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀.

Ẹ bá mi dé Eléyẹlé n'Íbàdàn, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán táwọn ọmọ ti tò lọ rẹrẹ, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò péńpé funfun, fáìlì lábíyá. Ẹlòmíràn á ti fi lẹ́dà wé ìwé WAEC rẹ̀ kí òjò má bàa pa á. Mo rí ọ̀kan tó ń na ọrùn lórí ìlà bí ẹni pé egungun á gùn sí i kí wọ́n tó gbé ọ̀pá ìwọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wọn gíga, wọ́n wọn àyà, wọ́n wo eyín. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé: bí ìyá àgbà kan bá já wọ tẹ́ṣàn láago mẹ́wàá alẹ́, tó ń sunkún pé wọ́n ti gbé ọmọ òun lọ, ṣé ẹ lè kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́?

Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn, àbí kí ni? Ìbọn ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ọ̀nà tí olè gbà lọ. Ẹnu ará ìlú ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí sítétímẹ́ǹtì ṣe máa ń rí fún ẹni tí Ọlọ́run kò tíì jẹ́ kó fojú kàn án. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sórí fọ́ọ̀mù náà ní Gẹ̀ẹ́sì: pé èmi lágbájá, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi ní èdè báyìí pé kò pọn dandan kí n sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè fi ṣe ẹ̀rí ní kọ́ọ̀tù. Àlàfo wà níbẹ̀ tí ọlọ́pàá ti máa ń kọ orúkọ èdè tó fi kìlọ̀. Mo ti rí i láìmọye ìgbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú àlàfo náà, tó sì jẹ́ pé ìtẹ̀ka ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún! Láàárín ìkìlọ̀ àti ìtẹ̀ka yìí, ẹ̀ẹ́ wá bá ojú ewé kan tàbí méjì Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán gbinrin.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó jí ọkọ̀ tí oníbàárà gbé wá ṣe. Ìwé tí wọ́n ní ó sọ, ó kà pé òun àti àwọn méjì kan gbìmọ̀ pọ̀, pé àwọn sì fi ète àti ìmọ̀ràn ibi gbé ọkọ̀ náà lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo tú u fún un. Ó wò mí, ó wo adájọ́, ó ní, "Bàbá, ta ló sọ gbogbo ìyẹn?" Kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí òun sọ fún ọlọ́pàá, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, kò ju pé ọ̀gá òun ní kí òun kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn ọkùnrin kan, òun sì kó o fún wọn. Ó lè jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti mọ ìyẹn, kì í ṣe tèmi. Èyí tó dá mi lójú ni pé gbólóhùn tí mo kà síta yẹn kò lè ti ẹnu ọmọ náà jáde ní èdè kankan láyé. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde pé òun kò fara mọ́ ìwé náà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ nínú ẹjọ́ láti mọ̀ bóyá òun ló sọ ọ́. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un síwájú. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà ní gbogbo àkókò yẹn.

Kì í ṣe afurasí nìkan ló ń jìyà ẹ̀. Ìyá aláṣọ kan tí wọ́n fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ sọ fún wa ní kọ́ọ̀tù pé ẹni tó fọ́ ọ ní ojú àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ gbé sítétímẹ́ǹtì ìyá náà sókè: "Ìyá, ẹ fi ojú àpá hàn mí nínú ìwé yìí." Kò sí níbẹ̀. Ìyá búra pé òun sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn, àní òun tiẹ̀ fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara òun fún ọmọ tó ń kọ ọ́. Ọmọ tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá, ẹnì kan tó wá dúró fún ẹlòmíràn ní bélì ló bá wọn ṣe ògbufọ̀. Ojú àpá já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó sì wá dà bí ẹni pé ìyá ń hùmọ̀ ẹ̀rí.

Òfin wà o. Òfin ACJA ti ọdún 2015, ìyẹn òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, abala kẹtàdínlógún rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó kọ sítétímẹ́ǹtì rẹ̀, kó sì kà á fún un títí yóò fi yé e, kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ṣe tiwọn. Tipẹ́tipẹ́ sì ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà sọ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì kó méjèèjì wá. Tó bá sì jẹ́ pé ògbufọ̀ ló dúró láàárín wọn, ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ di àgbọ́sọ. Nígbà tí ẹjọ́ bá fi máa dé kọ́ọ̀tù, ta ló máa rí ẹni tó wá gba bélì lọ́jọ́ náà? Ọlọ́pàá á bínú pé adájọ́ tú ọ̀daràn sílẹ̀. Ẹyin lohùn, orí kántà tiyín ló ti bọ́.

Nítorí náà, ìwé kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń béèrè, mi ò ní kí ẹ pa á tì. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ náà ni. Ìdajì kejì ni kó lè gbọ́ èdè ará ìlú, kó kọ ọ́, kó kà á padà fún un. Ìdajì yìí ni ìdánwò yín kò débẹ̀ rárá.

Kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọgbọ̀n ọkùnrin ni McCoskry, kọ́ńsù wọn, kó jọ láti máa ṣọ́ ìlú. Ní 1863, Glover tó ṣe gómìnà Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Hausa jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn. Nígbà tó di 1879, ẹgbẹ́ náà ti di 1,200 ènìyàn. Láàárín àwọn ọdún 1890, Denton tó ń ṣe adelé gómìnà kọ̀wé sílé pé ohun tó dára lára àwọn ọmọ ogun Hausa náà ni pé wọn kò bá àwọn ará àyíká Èkó tan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, àti pé ọ̀tá Yorùbá ni wọ́n láti ìran wọn. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn! Àwọn tó dá ọlọ́pàá sílẹ̀ kò fẹ́ ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ìyá aláṣọ. Ẹni tí yóò na bàbá tó kọ̀ láti san owó orí ni wọ́n ń wá. Wọ́n so ọlọ́pàá àríwá àti ti gúúsù pọ̀ di Nigeria Police ní 1930, a gba òmìnira ní 1960, síbẹ̀ bí a ṣe ń yan ọlọ́pàá kò tíì jìnnà sí ti Gólóbà. Gíga, àyà, Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan nínú yín máa sọ. Yóò ní, "Bàbá yìí ń dọ́gbọ́n béèrè fún ọlọ́pàá ẹ̀yà." Mi ò béèrè fún un. Mo dàgbà tó láti rántí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí à ń pè ní akódà, àti ohun tí àwọn olóṣèlú fi wọ́n ṣe nílẹ̀ Yorùbá níbí kí àwọn ológun tó fòpin sí wọn lẹ́yìn 1966. Wọ́n gbọ́ èdè ìlú dáadáa, wọ́n sì fi nà wá. Kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ìlú nìkan kò sọ ọ́ di ọlọ́pàá rere, kí àwọn tó ń pariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà gbọ́.

Èdè ni mo ń sọ, mi ò sọ ìran. Ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tó dàgbà sí Òkè-Àdó, tó jókòó sí kíláàsì Yorùbá títí dé SS3, yóò gba máàkì gbogbo nínú ìdánwò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ọmọ tó ń jẹ́ Adébọ̀wálé, tí wọ́n tọ́ ní Lẹ́kì, tó ń bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, yóò fìdí rẹmi. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ rán wá sí Ìbàdàn.

Àwọn ìlú mìíràn náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Jessica Tisch tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú New York dín kírẹ́díìtì yunifásítì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ọlọ́pàá kù láti 60 sí 24, nítorí pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà ti dín kù jọjọ. Àsìkò kan náà ló dá eré sísá tí wọ́n ti yọ kúrò padà: máìlì kan àti ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Ẹnikẹ́ni lè bá a jiyàn lórí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ó mú ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń béèrè, ó bi í pé kí lo wà fún. (Ìlú kékeré kan wà ní Connecticut, New London ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n kọ ọkùnrin kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 nítorí pé máàkì rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìdánwò làákàyè, wọ́n ní iṣẹ́ náà á tètè sú u. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, kọ́ọ̀tù sì dá ìlú láre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ìyẹn lọ́wọ́ wọn.)

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ mi jù ni South Africa. Níbẹ̀, yàtọ̀ sí ìwé mẹ́wàá, ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjì ó kéré tán nínú àwọn èdè tí ìjọba fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ní àríwá Wales, ní abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ ń béèrè kí ẹni tó fẹ́ wọlé sọ Welsh díẹ̀. Bí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti wá kò bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe ọlọ́pàá, kí ló dé tí àwa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bẹẹrẹ?

Ohun tí mo ń béèrè kò tóbi. Àpèkọ ni. Gbogbo wa la ṣe é ní pírámárì: tíṣà á máa kà, a á máa kọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò ní ìpínlẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èdè Nàìjíríà kan tó bá mọ̀. Kí ẹ fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí i létí, ìṣẹ́jú mélòó kan péré: ẹnì kan tó ń ṣàròyé bí wọ́n ṣe ja òun lólè, tó ń sọ ọ́ bí ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀, tó ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, tó ń gbàgbé, tó ń padà sẹ́yìn. Kí ọmọ kọ ọ́ ní èdè yẹn. Kó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ rẹ̀. Kó wá ka ti èdè ìbílẹ̀ sókè fún ẹlòmíràn tí kò gbọ́ ohùn náà tẹ́lẹ̀, kí ẹni yẹn sọ ohun tó gbọ́: ta ni, níbo, nígbà wo, aṣọ wo ló wọ̀, ọ̀nà wo ló gbà lọ. Tí ojú àpá bá já sílẹ̀, ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀. Bóyá ààbọ̀ wákàtí ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tíṣà Yorùbá pọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ lè yá yín láti bá yín ṣe máàkì.

Mi ò ní kí ẹ sọ kírẹ́díìtì Yorùbá nínú WAEC di dandan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò ní tíṣà Yorùbá mọ́, ẹ kò sì lè fi ẹ̀ṣẹ̀ ilé ìwé jẹ ọmọ níyà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀rọ̀ náà á tún le sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà. Bí wọ́n ṣe ń ra Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ni wọ́n á ṣe ra Yorùbá. Àpèkọ kò ṣeé rà bẹ́ẹ̀. Ohùn á máa lọ, bíírò á máa tẹ̀ lé e, tàbí kó má tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì fi àmì ohùn pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo ń kọ èyí, mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà pé, kó sì ṣeé kà padà fún ẹni tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpínsíṣẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti lè wọmi. Kò wúlò kí ẹ dán ọmọ wò ní Yorùbá, kí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá wá gbé e lọ síbi tí wọn kì í sọ ọ́, kí wọ́n sì gbé ẹni tó gbọ́ Tiv wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní kí gbogbo ọlọ́pàá jókòó sí ìlú wọn. Ẹni tó máa dúró ní kántà àti ẹni tó máa ṣe ìwádìí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹnì kan ó kéré tán tó yege nínú èdè àdúgbò wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbàkígbà, ọ̀sán àti òru. Èdè àdúgbò ni mo wí o. Ní Sábó n'Íbàdàn, Hausa ni. Ní Badagry, ẹni tí kò gbọ́ Ègùn kò tíì délé. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n gbé lọ bá àwọn Ìlàjẹ létí òkun á kọ́kọ́ máa wojú wọn ni, ṣùgbọ́n yóò bá wọn débẹ̀ ju ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kankan lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ kọ́ńsítébù. A rí bí ti Ìkẹjà ṣe bàjẹ́ tó nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Channels gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2013, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi dìde lọ síbẹ̀ lójijì, nítorí náà mi ò ní kó àdúrà tó pọ̀ jù lé yín lórí. Kí wọ́n ṣáà ya wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún gbígba sítétímẹ́ǹtì ní èdè ìbílẹ̀, kí ẹnì kan ṣe afurasí, kí ẹnì kejì kọ ọ́. Ìparí rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ló ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè bá a sọ ọ́: kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ náà ní Yorùbá, ní Hausa, ní Ìgbò, àti ní àwọn èdè yòókù tó bá àgbègbè mu. Òfin kò lòdì sí i. Òǹtẹ̀wé tó wà ní Mọ́kọ́lá á tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ lè sọ pé 50,000 pọ̀, pé ìlú ń jó, pé kò sí àyè fún àpèkọ. Kí ẹ bi àwọn ará abúlé tí wọ́n ń jí gbé ni. Ẹni tó rí àwọn ajínigbé lọ́nà oko mọ iye wọn, ó mọ èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ó mọ bàtà tí ẹni tó ṣíwájú wọ̀. Ó gun ọ̀kadà dé tẹ́ṣàn láti wá sọ ọ́. Bí ẹni tó bá ní kántà bá kọ ọ́ pé "ó rí àwọn ènìyàn kan nínú igbó", gbogbo ìbọn tí ìjọba bá rà kò ní mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Tí ẹ kò bá lè ṣe é ní gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, kó máà jẹ́ Ọ̀yọ́ tiwa pàápàá. Mo ti kọ àpèkọ díẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti ka àwọn kan sórí fóònù: ìyá tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀, awakọ̀ tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ọmọ ilé ìwé tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ àlọ́ ni, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ yín bá béèrè, màá fi ránṣẹ́, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.